Kẹ́ríà Orí Arúgbó

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dẹwọ́? Ara mi le, àyàfi orúnkún òsì tó máa ń bá mi ṣe àríyànjiyàn lórí àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́. Lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, wàá ní, "Ẹ jẹ́ n pè yín padà, mà," ó sì parí nìyẹn. Lẹ́tà kò mọ ẹ-jẹ́-n-pè-yín-padà. Bí o bá kà á tán, á jókòó sórí tábìlì rẹ, á máa wò ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò pọ̀. Mo fẹ́ kó kúrò nílé yìí. Àbúrò mi, àǹtí rẹ tó ń ránṣọ bíi tèmi, ti ránṣẹ́ sí mi títí ó fi sú u. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé òrùlé, ojú rẹ̀ kò sì ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní kí n wá, kí a jọ máa ṣe é, kí a sì jọ máa gbé. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo wá rí i pé mo ti pinnu kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Maṣíìnì mi á wọ búùtù mọ́tò. Aṣọ àti ìkòkò á wọ àyè ẹ̀yìn. Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni kò ní wọ ibì kankan àfi orí mọ́tò. O mọ̀ pé bàbá rẹ ló kan tábìlì yẹn fún mi kí a tó bí ọ, orí Arúgbó ló sì gbà wọ ilé yìí, nígbà tí Arúgbó fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ mọ́tò tuntun tí a kò tíì fi arúgbó pè. Orí Arúgbó náà ni yóò gbà jáde.

Èmi àti Díẹ̀díẹ̀, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì, lọ gbé kẹ́ríà lẹ́yìn ilé níbi tí o fi í tì sí. (O kò tíì gbàgbé Díẹ̀díẹ̀. Ohun yòówù kí o bi í, "díẹ̀díẹ̀ ni" ni yóò fi dáhùn.) Kẹ́ríà dógùn-ún níbì kan-ibì kan, a fọ̀ ọ́, ó mọ́. A gbé e ka orí mọ́tò, ìgbà náà la rí i pé kò lẹ́sẹ̀. Irin mẹ́rin tó máa ń di etí òrùlé mọ́tò mú, àti bóòtì wọn, kò sí níbẹ̀. Ìwọ lo tú kẹ́ríà náà lọ́sẹ̀ tí o ń lọ, ìwọ náà lo kó àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Níbo lo kó wọn sí?

Díẹ̀díẹ̀ ní kí a lọ bá jórinjórin kó ṣe òmíràn. Mo ní rárá. O mọ òfin bàbá rẹ: ẹni tó di ẹrù ni yóò tú u, ẹni tó sì tú nǹkan ni yóò tò ó padà. Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó rú òfin yẹn nínú ilé yìí, pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe máa ń ráhùn nípa rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ ni yóò dá kẹ́ríà padà sórí Arúgbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi lo máa fi ṣe é. Sọ ibi tí wọ́n wà, kí o sì sọ bí a ṣe ń dè wọ́n. Mo fẹ́ lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Àpótí rẹ tí o fi okùn dì kí o tó lọ ṣì wà ní igun yàrá rẹ. N kò fọwọ́ kàn án.

Èmi ìyá rẹ ni, mo ń retí.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kí yín, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú àìgbàgbé ẹni. Inú mi dùn láti rí ìwé yín, mo sì ń bẹ orúnkún yín kó ṣe jẹ́jẹ́.

Ara mi yá. Mo ti kúrò ní yàrá tí mo wà nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn; ẹ̀kẹta nìyí. Nínú ti àkọ́kọ́, onílé ta ilé mọ́ wa lórí. Nínú èkejì, ẹni tí a jọ ń gbé a máa kọrin lójú oorun, kì í sì í mọ orin. Èyí tí mo wà nísinsìnyí dákẹ́ rọ́rọ́, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. N kò tíì tú báàgì mi tán, nítorí n kò mọ̀ bóyá màá pẹ́ níbẹ̀.

Ibùdó bọ́ọ̀sì yẹn náà ni mo ṣì wà. Ikùn bọ́ọ̀sì ni mo ń ti ẹrù àwọn èrò sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ti di ẹni tó lè wo báàgì kan kó mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ń lọ sílé ni tàbí ó ń kúrò nílé. Ti ẹni tó ń lọ sílé kì í sábà dì dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kíkó tí ẹ sọ yẹn bá mi lójijì, mà. Ṣé kò ní dáa kí ẹ ṣì ní sùúrù? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ẹ bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ ilé? Arúgbó pàápàá ti ń sinmi. Mo fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró kí n tó lọ, mo yọ wáyà bátìrì rẹ̀, mo fi tapólì bò ó, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá a. Bó bá di dandan kí tábìlì rìnrìn àjò, ṣé kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tí a lè háyà ni? Ẹ jẹ́ kí ọdún yìí parí ná. Mo ń bọ̀ ní ìparí ọdún, a ó jọ jókòó sọ ọ́.

Ẹ bá mi kí Díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tú àpótí mi.

Ọmọ yín tó ń rántí yín nígbà gbogbo.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo wá yí i padà bóyá o kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kẹ́ríà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

O ní Arúgbó ń sinmi. Ta ló sọ fún ọ? O kò tíì pẹ́ tí o lọ tí mo ti ní kí Díẹ̀díẹ̀ gbé e kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Àbí o ti gbàgbé ẹni tó ń fi í lọ gbé bàbá rẹ níbi iṣẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ń dùn ún? Òun ni mo fi ń kó aṣọ fún àwọn oníbàárà mi. Bí mo bá dúró níbi iná títì, àwọn èèyàn á yọ fóònù, wọ́n á máa ya fọ́tò, wọ́n ní irú mọ́tò yìí kò wọ́pọ̀ mọ́. Èmi náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń yà. N kò sọ fún ọ nítorí mo mọ̀ pé ohun tí o sọ yìí náà ni wàá sọ.

Kò sí ohun tó ṣe é, àfi ariwo kan tó máa ń ṣe "kó, kó" lẹ́yìn bí mo bá ya kọ́nà. Díẹ̀díẹ̀ ti wá ariwo yẹn títí. Ó ti tú páìpù èéfín wò, ó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ débi pé ajá àdúgbò wá dùbúlẹ̀ tì í. Kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ló máa ń sọ pé Arúgbó kì í sáré, àmọ́ ó máa ń dé.

O bi mí pé ta ni yóò ṣọ́ ilé. Ilé wo? Yàrá méjì àti pálọ̀ tí a háyà. Ẹni tó nilé ni yóò ṣọ́ ilé rẹ̀. O tún ní ìparí ọdún. Ọmọ mi, ìparí ọdún wo? Gbogbo ọdún ló ń parí.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. N kò lè fìdí kalẹ̀ nínú ilé yìí mọ́. Màá rán apá aṣọ kan, màá dìde, màá lọ wo yàrá rẹ, màá lọ wo ẹnu ọ̀nà, màá padà wá sídìí maṣíìnì, n kò sì ní mọ ohun tí mo lọ wò. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé àwo méjì sílẹ̀, màá tún gbé ọ̀kan padà. Ibí ti di ibi tí mo ti ń dúró de èèyàn. Ìdúró ti sú mi, mo fẹ́ máa gbé níbì kan. Àbúrò mi a máa sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ariwo èèyàn yàtọ̀ sí ariwo ilẹ̀kùn.

Ìwọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ gbé ẹrù àwọn tí o kò mọ̀ rí, ti ìyá rẹ ló wá wúwo lọ́wọ́ rẹ. Níbo ni ẹsẹ̀ kẹ́ríà wà?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ṣé ara le? Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Mo ti di ẹrù tán. Maṣíìnì wà nínú páálí, mo sì ti fa tábìlì kúrò lábẹ́ fèrèsé, mo gbé e ti ògiri. Orí ilẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ báyìí, orúnkún mi kò sì dákẹ́.

N kò rí lẹ́tà rẹ. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti mọ ojú mi. Bó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ṣe ni yóò kọ́kọ́ mi orí kí n tó bi í. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní, "Ẹ jẹ́ n pè yín padà, mà."

Bí o kò bá fẹ́ kí n lọ, sọ pé o kò fẹ́ kí n lọ, kí n lè bá ọ jà. Mo lè bá ọ̀rọ̀ jà, n kò lè bá ìdákẹ́ jà. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Jórinjórin ti wá wọn orí mọ́tò. Mo ní kó ṣì dá a dúró. Bí oṣù karùn-ún bá parí tí n kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ, màá jẹ́ kó ṣe ẹsẹ̀ tuntun, kí bàbá rẹ wá máa bínú sí ẹni tó yẹ.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Mo ti kọ ìwé yìí, mo ti fà á ya, mo tún un kọ.

N kò fẹ́ kí ẹ lọ. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

N kò gbàgbé ibi tí mo kó ẹsẹ̀ kẹ́ríà sí. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti béèrè. Mo rò pé bí n kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀, ẹ ó sì gbé tábìlì padà sábẹ́ fèrèsé. Níbi iṣẹ́, bí bọ́ọ̀sì bá ti lọ tí òmíràn kò tíì dé, mo máa ń fi ọkàn rin ilé wa. Màá gun àtẹ̀gùn tó fọ́ lápá kan, màá ti ilẹ̀kùn tó máa ń ké, màá bá yín lórí maṣíìnì, ẹ kò ní gbójú sókè, ẹ ó kàn ní, "Bọ́ bàtà rẹ." Mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, títí dé ibi tí síbí wà. Kò sí ibòmíràn láyé tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, yàrá kì í gbà mí. Ibùdó bọ́ọ̀sì yẹn náà ni mo tún ń lọ jókòó sí, màá máa wo àwọn tó ń lọ sílé. Bí ẹ bá kó, ibo ni èmi ń padà sí? Ẹ̀rù ń bà mí, mà. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ àwo méjì yẹn, kò sì kúrò lọ́kàn mi. N kò lè fi yín síbẹ̀ kí ẹ máa bá mi tọ́jú ohun tí n kò wá wò.

Inú Arúgbó fúnra rẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ ṣí búùtù, ẹ gbé sípíà táyà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni mo kó wọn sí, mo fi ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi wé wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ yá mọ́tò náà kẹ́rù má baà rí wọn.

Bí ẹ ó ṣe dè wọ́n nìyí. Méjì gùn, méjì kúrú. Àwọn tó gùn ni ti ẹ̀yìn, nítorí òrùlé Arúgbó rẹlẹ̀ lẹ́yìn. Mo fi ìṣó fa ìlà sára àwọn tó jẹ́ ti ọ̀tún, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn tí kò ní ìlà ni ti òsì. Ẹ gé rọ́bà lára túùbù táyà tó ti gbó, ẹ fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí irin má baà họ ọ̀dà mọ́tò. Ẹsẹ̀ á jókòó sínú ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi òjò ń gbà ṣàn létí òrùlé, ìkọ́ rẹ̀ á gbá etí náà mú lábẹ́, ẹ ó wá fi sípánà dè é. Ẹ má dè é jù, etí náà á tẹ̀.

Mo ti sọ ọ́. Ẹ ṣe bí ọkàn yín bá ṣe fẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́ pé o fọhùn.

Kó, kó! Ṣé o rántí ariwo tí mo sọ fún ọ? Bí a ṣe gbé sípíà táyà kúrò ni gbogbo rẹ̀ hàn. Láti ọjọ́ yìí, ohun tí mo ń wá ni mo ń gbé kiri, tí mo sì ń sanwó fún Díẹ̀díẹ̀ kó bá mi wá ìdí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Díẹ̀díẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí mo rí ṣòkòtò bàbá rẹ, mo sunkún díẹ̀. Mo ti wá ṣòkòtò yẹn títí lọ́dún tó kú. Mo fọ̀ ọ́, mo ká a, ó wà láàárín aṣọ mi.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé pé inú ń bí mi. Kí lo kọ sí mi yìí? A ṣe bí o ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo jókòó sí àyè dẹ́rẹ́bà, mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Ibí ni ọ̀tún," Díẹ̀díẹ̀ sì gbé àwọn onílà síbẹ̀. Ìkọ́ wọn kò bá etí òrùlé mu. Díẹ̀díẹ̀ fi agbára mú wọn, ó ní wọ́n á gbà díẹ̀díẹ̀. A gbé tábìlì lé e, mo so ó, mo ṣíná. N kò tíì dé orí títì gan-an tí kẹ́ríà fi yẹ̀ sápá kan tí tábìlì sì ń yọ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ sáré tẹ̀ lé mọ́tò, ó fi ẹ̀yìn gbé tábìlì dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa rí i kó sáré. Etí tábìlì kan họ. Ọwọ́ bàbá rẹ ló wà lára tábìlì yẹn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo tún gbogbo rẹ̀ gbé wọlé nínú òjò. Látìgbà náà ni mo ti ń rìn kiri pálọ̀, ìbéèrè kan ló sì ń bá mi rìn. Ìwọ ọmọ tí mo bí, ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ni? O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé o kò fẹ́ kí n lọ. Ó dùn mí pé mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, á ṣì wà lọ́kàn mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Rárá, mà. N kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo lè fi nǹkan pamọ́ fún yín, n kò lè jẹ́ kí tábìlì yín já sójú títì.

Bí mo ṣe ka ìwé yín tán, yàrá kò gbà mí. Mo jáde, mo ń rìn, n kò mọ ibi tí mo ń lọ. Mo dé iwájú ilé ìtajà kan tí wọ́n gbé mọ́tò kan sí, tó dàgbà bí Arúgbó. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gba kẹ́ríà. Ẹni tó ni ín jáde wá, ó bi mí bóyá ara mi yá. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi.

Láti kékeré, bí èmi àti bàbá mi bá fẹ́ gbé kẹ́ríà sórí Arúgbó, ẹ̀yìn mọ́tò ni bàbá mi máa ń dúró sí. Èmi á dúró níwájú, màá kọjú sí wọn, a ó jọ gbé e. Ọ̀tún tèmi ni òsì wọn. Ọ̀tún tí mo fa ìlà sí ni ibi tí ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń wà nígbà tí mo bá ń wo ojú bàbá mi. N kò fìgbà kan rò ó pé ẹlòmíràn lè jókòó sídìí mọ́tò náà, kó fẹ́ wà á lọ, kó sì ní ọ̀tún tirẹ̀. Bí mo ṣe wo ọ̀rọ̀ kíkó yín náà nìyẹn, mà. Ẹ forí jì mí.

Ẹ pààrọ̀ wọn. Bí ẹ bá jókòó sí àyè dẹ́rẹ́bà, onílà sí ọwọ́ òsì yín, aláìnílà sí ọ̀tún. Ẹ má de ọ̀kan parí kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ de iwájú lápá kan díẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn lápá kejì, kí ẹ máa yí wọn ká bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn á fi le dọ́gba. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé ọjọ́ rẹ̀ ti dé. Bí ẹ bá wà á dé òpin títì, ẹ dúró kí ẹ tún bóòtì dè, nítorí rọ́bà á ti jókòó. Ẹ dojú tábìlì dé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, kí atẹ́gùn má baà gbé e.

Mo béèrè ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá mi kí n lè wá ṣe é fúnra mi. Kò fún mi. N kò ní sọ ìparí ọdún fún yín mọ́, nítorí n kò mọ ìgbà tó máa jẹ́. Ẹ má dúró dè mí, mà. Ẹ máa lọ. Ọ̀nà á là, Arúgbó á dé.

Ní ti àpótí mi, ẹ gbé e fún Díẹ̀díẹ̀ kó bá mi tọ́jú rẹ̀. Kò yẹ kó gba àyè nínú ẹrù yín.

Ọmọ yín tí ẹ forí jì, mo nírètí.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù keje

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ilé àbúrò mi ni mo ti ń kọ èyí. Ó kí ọ, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti mú bírò.

A pààrọ̀ àwọn ẹsẹ̀. Ìkọ́ gbá etí òrùlé mú bí ẹni tó mọ ilé. Díẹ̀díẹ̀ yí bóòtì wọn ká bí o ṣe wí, kò sì kánjú, mo rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún láyé nìyẹn. Mo dúró lópin títì, mo tún wọn dè fúnra mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Díẹ̀díẹ̀ ṣì dúró láàárín títì, ó na sípánà sókè. Mo bínú sí ọ tẹ́lẹ̀ o. N kò bínú mọ́. Mo ka ibi tí o ti sọ pé o ń wo ojú bàbá rẹ, mo sì dáríjì ọ́ kí n tó parí ìlà náà.

Ọ̀nà jìn. Òjò rọ̀ lójú ọ̀nà, ó dá. Àwọn mọ́tò kéékèèké ń fọn fèrè sí mi lẹ́yìn, mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Arúgbó kò sáré, ó dé. Àbúrò mi gbé ọ̀bẹ jáde kó fi gé okùn tábìlì, mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo dì í, èmi ni mo tú u, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń pariwo pé oúnjẹ ń tutù.

O bi mí nígbà kan pé ibo lò ń padà sí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí màá fi dáhùn. Jẹ́ kí n sọ bí ibí ṣe rí, kí o lè máa fi ọkàn rìn ín níbi iṣẹ́. Ilé tó wà ní kọ́nà ni, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò fọ́, àmọ́ ẹ̀kẹta láti òkè ga ju àwọn yòókù lọ, rọra. Ilẹ̀kùn kò ké, ṣe ló máa ń há, fi èjìká tì í. Tábìlì wà lábẹ́ fèrèsé, etí tó họ kọjú sí ògiri. Síbí wà nínú dúrọ́ọ̀ apá òsì. Òsì tìrẹ ni mo ní lọ́kàn, bí o bá ti dúró kọjú sí i. Bí o bá wọlé, wàá bá mi lórí maṣíìnì, wàá sì bọ́ bàtà rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpótí rẹ. N kò gbé e fún Díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo bí ọ, kì í ṣe Díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e lé orí kẹ́ríà pẹ̀lú okùn tí o fi dì í, lẹ́yìn tábìlì, mo fi tapólì bò ó. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò sì bi ọ́. Okùn tí mo fi so ó mọ́ kẹ́ríà, tèmi ni, mo lè tú u nígbàkigbà. N kò tíì tú u. Orí Arúgbó ló ṣì wà. Bí mo bá kó aṣọ fún oníbàárà, ó ń bá mi lọ, ó ń bá mi bọ̀. Àwọn èèyàn ibí ti ń bi mí pé ẹrù kí ni mo ń gbé kiri, ṣé n kò tíì dé ni. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n sọ: a kò tíì dé tán, ó ku ẹnì kan.

Bí o bá dé, sórí àga ni kí o dúró, kí o tú àpótí rẹ fúnra rẹ. Nígbà náà ni màá sọ kẹ́ríà kalẹ̀.

N kò fi ọjọ́ sí i fún ọ. Ṣùgbọ́n má pẹ́ jù, ọkọ mi. Okùn náà ti ń gbó.

Ìyá rẹ.